Pápá Ogun Brandy Station: Ẹ Má Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Òkè

Ẹni tó bá gba títì 29 láti Washington lọ sí Culpeper, ní ìpínlẹ̀ Virginia, á kọjá láàárín pápá tí wọ́n ti ja ogun ẹlẹ́ṣin tó tóbi jù lọ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó sì lè má mọ̀ rárá. Oko lápá ọ̀tún, oko lápá òsì, ojú irin kan, pápákọ̀ òfuurufú kékeré kan, ó parí. Ní oṣù Júùnù 2024 ni ìjọba Virginia ṣí páàkì tuntun tí wọ́n pè ní Culpeper Battlefields State Park, tó kó ibẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn pápá ogun mìíràn ní agbègbè náà, bíi Cedar Mountain àti Kelly's Ford. Brandy Station nìkan la fẹ́ yẹ̀ wò níbí: ohun tó dára níbẹ̀, ohun tó kù díẹ̀ káàtó, àti bó ṣe yẹ kí ẹ rìn ín kí ọjọ́ yín má baà ṣòfò.

Ká tètè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ náà dára, wọ́n sì ti tún un ṣe dáadáa. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ àlejò ń gbà wò ó ni kò dára. Òkè Fleetwood ló gbajúmọ̀ jù, òun ló sún mọ́ títì jù, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n á gun òkè náà, wọ́n á ka pátákó, wọ́n á ní, "Ṣé òkè tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ náà rèé?" Wọ́n á wọkọ̀ padà. Kò yani lẹ́nu, nítorí òkè kékeré ni. Ibi tí ogun náà parí sí nìyẹn, kì í ṣe ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ti ibi ìparí wọlé kò lè mọ ìdí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin fi ń lé ara wọn gun un, tí wọ́n tún ń lé ara wọn sọ̀ kalẹ̀, títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé ò pọ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Júùnù 1863 ni. Ọ̀gágun Alfred Pleasonton kó nǹkan bí 8,000 ẹlẹ́ṣin ogun Àríwá (ogun ìjọba àpapọ̀) àti nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ wá. J.E.B. Stuart ló ń darí ẹlẹ́ṣin ogun Gúúsù (àwọn ìpínlẹ̀ tó ya kúrò), nǹkan bí 9,500, ẹgbẹ́ márùn-ún. Joseph Hooker, ọ̀gá ogun Àríwá ní Virginia, rò pé Stuart ń múra láti wá gbógun ti ẹ̀yìn òun ni, ló bá ní kí Pleasonton lọ tú wọn ká. Kò mọ̀ pé Robert E. Lee, ọ̀gá ogun Gúúsù ní Virginia, ti ń kó gbogbo ogun rẹ̀ lọ sí àríwá, ọ̀nà tó gbé wọn dé ogun Gettysburg, ní Pennsylvania, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti pé iṣẹ́ Stuart ni láti fi ẹṣin bo ìrìn náà mọ́ Àríwá lójú. Odò Rappahannock ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Pleasonton pín ogun rẹ̀ sí apá méjì: John Buford máa gba ibi ìwọdò Beverly's Ford, David Gregg máa gba Kelly's Ford, ní nǹkan bí máìlì mẹ́fà sí i nísàlẹ̀ odò. Wọ́n fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ kọlù ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí wọ́n sì pàdé ní Brandy Station.

Wọ́n ò jọ kọlù. Gbogbo ohun tí ẹ máa rí lórí ilẹ̀ yẹn, láti inú àìjọdé yẹn ló ti wá. Nítorí náà, ẹ tẹ̀ lé apá ogun kìíní, ẹ padà lọ tẹ̀ lé èkejì, kí ẹ wá fi òkè Fleetwood parí i. Kí ẹ tó lọ, ẹ wa àwòrán ilẹ̀ ogun náà jáde lórí ìkànnì American Battlefield Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn pápá ogun, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan: máàpù fóònù á gbé yín dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, ṣùgbọ́n kò ní fi hàn yín ibi tí ìlà ogun gbà kọjá.

Ọ̀nà Beverly's Ford ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tètè dé. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni àwọn ará Buford sọdá nínú ìkùukùu. Stuart ti ṣe àṣehàn ogun ńlá ní ọjọ́ 5, ó tún ṣe òmíràn ní ọjọ́ 8 kí Lee fúnra rẹ̀ lè wò ó, àwọn èèyàn rẹ̀ sì sùn bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán fún. Àwọn àgbá rẹ̀ wà níwájú, nítòsí odò, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin William Jones ló sì sún mọ́ wọn jù. Nígbà tí ìbọn dún, ọ̀pọ̀ nínú wọn gun ẹṣin láìdè é ní gàárì, àwọn kan láìwọ ẹ̀wù tán. Ẹni tó bá mọ ìtàn ogun Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, nígbà tí Ìbàdàn ká ẹlẹ́ṣin Ìlọrin mọ́ bùdó lóru, mọ̀ pé ẹlẹ́ṣin tí kò tíì gun ẹṣin kò yàtọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ lásán.

Ọ̀nà tóóró ni, igbó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ohun tó yẹ kí ẹ fojú wá nìyẹn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹṣin kò lè tò lórí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ju mẹ́rin-mẹ́rin lọ, nítorí náà iye èèyàn tí Buford ní kò ràn án lọ́wọ́ ní wákàtí àkọ́kọ́. Benjamin Davis, tí wọ́n ń pè ní Grimes, tó ń ṣáájú, kú lójú ọ̀nà yẹn. Láàárín àkókò tí iwájú Àríwá fi dúró díẹ̀, àwọn alágbàá Gúúsù ráyè gbé àgbá wọn sá padà sí ibi gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St. James.

Ẹ má wá ṣọ́ọ̀ṣì náà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ogun Àríwá tí wọ́n pàgọ́ sí agbègbè náà ní ìgbà òtútù 1863 sí 1864 ló tú u palẹ̀, wọ́n fi kọ́ ahéré. Èyí máa ń já àwọn àlejò kulẹ̀, àmọ́ pápá tó wà níwájú ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ẹ dúró síbi tí àwọn àgbá wà kí ẹ kọjú sí àríwá. Pápá gbalasa nìyẹn títí dé ẹsẹ̀ igbó. Láti inú igbó náà ni ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kẹfà ti Pennsylvania, ará Àríwá, ti yọ, tí wọ́n fi idà sáré tààrà wọ àárín àwọn àgbá náà. Àwọn kan dé ibẹ̀. Àwọn tó padà kéré gan-an sí àwọn tó lọ, nítorí àgbá ń bọ̀ wọ́n níwájú, ẹlẹ́ṣin Gúúsù sì ń dí wọn pa lọ́tùn-ún lósì. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀kan fúnra yín tí wọn kò bá tíì gbin nǹkan síbẹ̀, kí ẹ sì kíyè sí àwọn kòtò tí ojú kò rí láti òkèèrè. Ẹṣin tó ń sáré àsápajúdé kì í rí irú kòtò bẹ́ẹ̀ títí yóò fi débẹ̀.

Àléébù ibí ni pé pápákọ̀ òfuurufú Culpeper wà lórí apá kan ilẹ̀ ogun náà. Bí ẹ bá ń gbìyànjú láti fojú inú wo 1863, ọkọ̀ òfuurufú kékeré á máa fò kọjá lórí yín. A ò lè bínú sí ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn. Ibẹ̀ ì bá tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ sí i, lẹ́yìn náà wọ́n tún fẹ́ sọ ọ́ di pápá ìdíje ọkọ̀ Formula One. Àwọn tó fẹ́ dáàbò bo ilẹ̀ náà ló bá wọn jà títí àwọn ètò yẹn fi forí ṣánpọ́n.

Ẹ wọkọ̀ lọ sí Kelly's Ford báyìí. Àṣìṣe kan wà tí àwọn èèyàn ń ṣe níbẹ̀ lemọ́lemọ́: ogun ẹlẹ́ṣin méjì ló kan ibi yìí ní ọdún kan náà. Ti ọjọ́ 17 oṣù Máàṣì 1863 ni èyí tí John Pelham, ọ̀gá alágbàá Gúúsù, kú sí. Ti Júùnù kì í ṣe ogun ńlá níbẹ̀, ibi ìsọdá lásán ni. Tí ẹ bá rí pátákó tó ń sọ nípa Pelham, ogun Máàṣì ló ń sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ní Júùnù ni pé wọ́n pẹ́. Gregg gbọ́dọ̀ dúró de ẹgbẹ́ Alfred Duffié, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, kí wọ́n tó sọdá, Duffié sì ṣìnà lójú ọ̀nà. Ìbọn Buford ti ń dún lókè odò fún wákàtí mélòó kan kí apá yìí tó gbéra dáadáa. Síbẹ̀, oríire kan ṣe wọ́n. Beverly Robertson, ọ̀gá ẹlẹ́ṣin Gúúsù kan, dí ọ̀nà tó lọ tààrà sí Brandy Station, àmọ́ kò dí ọ̀nà tó yí gba ìsàlẹ̀. Gregg fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó gba ọ̀nà kejì. Robertson rí wọn, ó ránṣẹ́, kò lé wọn. Jones pàápàá kìlọ̀ fún Stuart pé ogun ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, Stuart ò kà á sí.

Láti Kelly's Ford, ẹ lọ sí Stevensburg. Ibi tí àwọn àlejò ń fò jù nìyí, òun sì ni àwa gbà pé ó ṣàlàyé ọjọ́ náà jù. Gregg rán Duffié gba ibẹ̀ pé kó yí gba apá òsì. Nǹkan bí 1,900 èèyàn ló wà lọ́wọ́ Duffié. Matthew Butler ti ẹgbẹ́ kejì South Carolina, ará Gúúsù, ló sáré wá dí i lọ́nà pẹ̀lú nǹkan bí 200. Ẹ lọ sí Hansbrough's Ridge, ìlà òkè tó wà nítòsí ibẹ̀, tó jẹ́ ara páàkì náà. Tí ẹ bá wo ìlà òkè náà láti ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sí bí Duffié ṣe lè mọ iye èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Igbó bo àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n sì tò kálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Ó dúró, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó tú wọn ká níkẹyìn, ẹgbẹ́ kẹrin Virginia tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ sì fọ́n ká. Ọta àgbá kan gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Butler, òun kan náà ló pa William Farley, amí Stuart. Àmọ́ nígbà tí Duffié máa fi rí ọ̀nà, Gregg ti ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá òun kíá, ó sì tún gba ọ̀nà tó jìn. Ìjà Fleetwood tán kó tó débẹ̀.

Ẹ ka iye yẹn dáadáa: nǹkan bí 1,900 èèyàn kò sí ní orí òkè ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nítorí nǹkan bí 200. Tí a bá béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ló gba Stuart sílẹ̀, Butler la máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ó yẹ kí páàkì náà fi ibí yìí ṣáájú nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà wọn, kí wọ́n má fi í ṣe ohun tí èèyàn lè yà wò tí àyè bá wà.

Ẹ wá gba ọ̀nà Stevensburg padà sí Brandy Station láti gúúsù, bí Gregg ṣe gbà á. Ẹ ó kan ojú irin, ilé kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Graffiti House. Ọdún 1858 ni wọ́n kọ́ ọ. Ilé ìwòsàn ogun ni wọ́n sọ ọ́ dà, àwọn ọmọ ogun Gúúsù àti Àríwá ló sì gba ibẹ̀ kọjá, tí wọ́n fi èédú àti lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ ara wọn àti ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ya ẹṣin àti obìnrin, sára ògiri àwọn yàrá òkè. Wọ́n fi ọ̀dà kùn ún mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọdún 1993 ni wọ́n tó rí i, ní 2002 ni Brandy Station Foundation sì rà á. Ibí ni ẹ ti máa rí ohun tí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun náà gan-an kọ sílẹ̀. Kì í ṣí lójoojúmọ́ o. Ẹ yẹ àkókò ìṣísílẹ̀ wò kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì fi ìyẹn yan ọjọ́ ìrìn yín. Ẹ má fọwọ́ kan ògiri, òróró tó wà ní ọwọ́ ń pa èédú rẹ́.

Orí òkè Fleetwood ló kàn. Láti ìsàlẹ̀, ní apá ojú irin, ẹ dúró kí ẹ tó gùn ún. Gregg dé ibí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, Stuart sì ti kó gbogbo èèyàn rẹ̀ lọ kọjú sí Buford. Henry McClellan, ọ̀gá kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Stuart, àti àgbá kan ṣoṣo tí etu àti ọta rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ló wà lórí òkè. Ó gbé àgbá yẹn síwájú, ó ń yìn ín díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ránṣẹ́ sí Stuart. Stuart ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Percy Wyndham, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣáájú fún Gregg, rò pé ogun ń bẹ lẹ́yìn òkè, ó dúró láti to ogun rẹ̀.

Ẹ bá wa ṣírò ohun tí ìdúró yẹn ná wọn. Láti St. James dé ibí jẹ́ nǹkan bíi máìlì kan ààbọ̀ sí méjì. Ẹṣin tó ń sáré máìlì méjìlá láàárín wákàtí kan á lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ fi àkókò tí ìránṣẹ́ fi lọ kún un, ó di nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí àgbá kan ṣoṣo yẹn rà fún Gúúsù nìyẹn. Wyndham sì gùn ún nígbà tó yá, ṣùgbọ́n bí iwájú ogun rẹ̀ ṣe ń débẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ṣin Jones ń dé láti apá kejì, tí wọn kò tilẹ̀ ráyè tò. Wade Hampton, ọ̀gá ẹlẹ́ṣin Gúúsù mìíràn, tẹ̀ lé wọn. Judson Kilpatrick kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wọlé fún Àríwá, wọ́n lé méjì nínú wọn padà, àwọn ti Maine sáré kọjá orí òkè, àyè ò gbà wọ́n láti dúró. Bàtìrì àgbá Àríwá kan ní ìsàlẹ̀ òkè pàdánù àwọn àgbá rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Pleasonton sọdá odò padà. Àwọn tí Àríwá pàdánù sún mọ́ 900, nínú òkú, tó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú ogun. Ti Gúúsù jẹ́ nǹkan bí 500.

Ẹ gun òkè náà wàyí. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà, pátákó wà, ó sì ṣeé rìn fún àgbàlagbà. Ohun tó wú wa lórí jù ni ohun tí wọ́n mú kúrò: ilé ńlá ìgbàlódé kan wà lórí òkè yìí tẹ́lẹ̀, onílé náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ adágún síbẹ̀ ní 2011. Ní 2013 ni American Battlefield Trust ra éékà 56 níbẹ̀ ní mílíọ̀nù 3.6 dọ́là, wọ́n wó àwọn ilé náà, wọ́n sì dá ìrísí òkè padà. Láti orí rẹ̀, ẹ ó rí St. James ní apá kan àti ojú irin ní apá kejì. Ẹni tó ti rin ibi tó kù kò ní béèrè mọ́ pé kí ló dé tí wọ́n fi ń jà nítorí òkè kékeré.

Ohun méjì ló kù díẹ̀ káàtó nínú bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ibẹ̀. Ìkíní ni pé wọ́n ń tẹnu mọ́ "ogun ẹlẹ́ṣin" jù, títí èèyàn á fi gbàgbé pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn ará Buford sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ìbọn jà nítòsí ògiri òkúta kan, lápá ibi tí Rooney Lee, ọ̀gá ẹlẹ́ṣin Gúúsù tó jẹ́ ọmọ Robert E. Lee, ti fara gbọgbẹ́ ní itan. Èkejì ló wúwo jù. Ní 1860, ẹrú ju ìdajì àwọn tó ń gbé ní Culpeper lọ, àwọn ló sì ń ro àwọn oko tí wọ́n ja ogun lórí wọn. Àwọn ọ̀gágun ló kún ẹnu gbogbo ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹ béèrè nípa àwọn tó ń ro oko lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ páàkì. Tí ìbéèrè bá pọ̀, pátákó á tẹ̀ lé e.

Ní ti ìmúra: ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, nítorí eégbọn pọ̀ nínú koríko láti ìgbà ìrúwé títí wọ inú oṣù Ọ̀wàrà, ẹ sì yẹ ara yín wò kí ẹ tó wọkọ̀ padà. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ tiyín. Páàkì tuntun ni, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹ máa rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ìsọ̀ ní gbogbo ibi tí ẹ bá dúró. Ìlú Culpeper, tí kò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́fà lọ, ni kí ẹ ti ṣe gbogbo ìyẹn. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, amọ̀ pupa ibẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ bàtà yín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi fa ẹsẹ̀, ó sì dára kí ẹ fi St. James sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ilẹ̀ aládàáni ṣì wà láàárín ilẹ̀ páàkì, ẹ má kọjá ọgbà tàbí okùn wáyà. Ẹ má gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀ wá, òfin kọ̀ ọ́ ní àwọn páàkì ìpínlẹ̀ Virginia. Gbogbo ìrìn náà, pẹ̀lú Stevensburg, gba ìdajì ọjọ́ tó dáa. Ẹni tí kò bá ní ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, kó lọ sí St. James, kó wá gun Fleetwood láti apá ojú irin, kó fi èyí tó kù sílẹ̀.